Bọ́ọ̀lù Aláwọ Tó Jọ Kòkó

Òórùn òrí gba gbogbo yàrá mi láàárọ̀ yìí, ọmọ-ọmọ mi sì di imú wọlé. Ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé ẹsẹ̀ yín tún ti là ni?" Mo ní kó jókòó. Ó fẹ́ràn láti máa wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà lórí fóònù rẹ̀, níbi tí àwọn ọkùnrin fìrìgbọ̀n ti ń forí sọ ara wọn bí àgbò. Kò mọ̀ pé kí wọ́n tó bí ìyá òun rárá ni wọ́n ti gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà níbí, tí èmi sì jẹ́ ẹni tó ń fi òrí pa á.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kòkó ni gbogbo ayé wa nígbà náà. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ilé ẹ̀kọ́ girama ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí Sátidé bá ti mọ́, oko Ìwàrà yá. Àwọn bàbá wa á já kòkó, àwa ọmọdé á tò sáàárín igi, a ó máa ju kòkó síra wa lọ́wọ́ títí yóò fi dé ibi òkìtì tí àwọn ìyá wa ti ń là á. Ẹni tí tirẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀, a ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ délé. Ti ẹ̀gbọ́n mi Dàpọ̀ kì í bọ́. Ọwọ́ rẹ̀ gùn débi pé ìyá wa máa ń sọ pé ó lè jókòó sínú yàrá kó ro ọbẹ̀ tó wà lórí iná lẹ́yìnkùlé.

Nítorí náà, nígbà tí Tíṣà Bẹ́nì, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó wá kọ́ wa ní ìṣirò, yọ bọ́ọ̀lù aláwọ kan jáde lórí pápá, tó gùn, tó ṣe ṣóńṣó lórí àti nídìí, igbe kan náà ni gbogbo wa ké: "Kòkó!" Orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní nìyẹn. Tíṣà jù ú sí Dàpọ̀, Dàpọ̀ hán an, ó sì jù ú padà, ó ń yí bí òkòtó lójú ọ̀run. Inú Tíṣà dùn débi pé ó gbàgbé ìṣirò lọ́jọ́ náà, àwa náà ò sì rán an létí.

Nírọ̀lẹ́, á jókòó sórí gbòǹgbò igi máńgòrò, á máa sọ ìtàn bọ́ọ̀lù yẹn fún wa. Ó ní abẹ́ ilẹ̀ ni bàbá bàbá òun ti ń wa èédú, àti pé ọjọ́ Àìkú tó yẹ kó sinmi gan-an ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù, fìlà awọ lásán ló sì fi ń dáàbò bo orí. Wọ́n á gbé fìlà káàkiri láàárín èrò, kọ́bọ̀ tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ni wọ́n á pín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń yọ́ wá bá wọn gbá a, wọ́n á sì purọ́ orúkọ, nítorí ilé ẹ̀kọ́ wọn kò fẹ́ kí wọ́n gbowó. Èyí pa wá lẹ́rìn-ín púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ irin ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ìlú kékeré kan tí àwọn òǹwòran rẹ̀ kò lè kún ṣọ́ọ̀ṣì kan. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń kó àwọn tó dára jù lọ, títí ẹgbẹ́ náà fi túká. Bọ́ọ̀lù yẹn nìkan ló ṣẹ́kù. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wa síbì kankan. Bí bọ́ọ̀lù yìí bá sọnù, ó parí." Dàpọ̀ gba bọ́ọ̀lù náà, ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nù ún.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, awọ bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ìyá wa wò ó, ó ní, "Ẹ gbé e wá ulé. Awọ ni, òrí ló ń fẹ́." Bí mo ṣe di olùtọ́jú bọ́ọ̀lù nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni Tíṣà kò lè kọ́ wa. Nínú eré yẹn, bí ẹnì kan bá ṣubú, ńṣe lo máa sáré kọjá lára rẹ̀. Ta ló bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣubú, gbogbo pápá á dúró: "Pẹ̀lẹ́! Pẹ̀lẹ́ o!" Ẹni tó gbá a lulẹ̀ gan-an ni yóò gbọn iyẹ̀pẹ̀ lára rẹ̀. Tíṣà á di orí mú. Ó kọ́ Yorùbá tó fi lè pariwo, "Ẹ má kí i! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí i!" A gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹnu kò gbọ́.

Nígbà tí àkókò rẹ̀ pé láti padà sílé, àwa fẹ́ bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òṣogbo tó tún ń kọ́ lópin ọ̀sẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ní nílùú òun, ẹni tó bá borí ló ń gbé bọ́ọ̀lù lọ. A wọ lọ́rì lọ sí Òṣogbo. Ọ̀mì ni wọ́n ń ta títí eré fẹ́ parí, ni Dàpọ̀ bá gbá bọ́ọ̀lù mọ́ abíyá, ó já gbogbo wọn sílẹ̀ àfi ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ràfíù. Ìlà tó yẹ kó gbé e sọdá kí a lè borí ti wà níwájú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ràfíù na ọwọ́, kò bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ gbòǹgbò, ó ṣubú, ó ké. Dàpọ̀ dúró. Ó yí padà. Ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé Ràfíù dìde: "Pẹ̀lẹ́. Ṣé o ò fara pa?" Ọmọ Òṣogbo mìíràn gbé bọ́ọ̀lù, ó di òdìkejì pápá, bí wọ́n ṣe borí wa nìyẹn.

A kọrin lọ, a dákẹ́ bọ̀. Fún ọjọ́ pípẹ́, wọn kò bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀kọ́. Òun kò ráhùn, ṣùgbọ́n kò jẹun dáadáa, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Tíṣà lábẹ́ igi máńgòrò ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó dùn mí dé egungun.

Tíṣà ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ nígbà tí télọ̀ kan láti Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo kanlẹ̀kùn wa, òun àti Ràfíù ọmọ rẹ̀, bọ́ọ̀lù wà nínú aṣọ. Lẹ́yìn tó ti sálámà, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ọmọ yín gbé ọmọ mi dìde, wọ́n wá gbé ẹrù ọwọ́ ẹ̀ sá lọ. Háráámù ni lójú tèmi. Kò lè sùn nílé mi." Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Ìjẹ̀ṣà kì í gba ohun tí wọ́n ti já gbà lójú ìjà. Wọ́n ń ti bọ́ọ̀lù síra wọn bí ẹni ń ti àlejò àìròtẹ́lẹ̀, títí ìyá wa fi dá ẹjọ́ náà: "Lígbà ọyẹ́, kó wà níbí, torí òrí. Bí òjò bá dé, ẹ wáá gbé e."

Bó ṣe ń rìn láti ìgbà náà nìyẹn. Dàpọ̀ àti Ràfíù di ọ̀rẹ́ tí ìyàwó àwọn méjèèjì ń jowú. Bọ́ọ̀lù ti fún pọ̀, kò gba afẹ́fẹ́ mọ́. Ilé ti gba ibi tó jẹ́ pápá wa, oko Ìwàrà ti di igbó, ẹ̀gbọ́n mi náà sì ti sùn. Ààyè rẹ̀ ni mo dì mú. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lánàá, òmíràn sì ti ṣú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi òrí pa bọ́ọ̀lù láàárọ̀ yìí.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ọkọ̀ fi dúró níta. Ràfíù ló dé, ó ti darúgbó, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé bọ́ọ̀lù fún ọmọ-ọmọ mi pé kó lọ fi pàdé rẹ̀. Ẹsẹ̀ baba kọ ìloro, ó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Ọmọ náà ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú: "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà! Ṣé ẹ ò fara pa?"

Ràfíù wo bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ó wo ojú ọmọ náà, omi sì gba ojú rẹ̀. Ó ní, "Dàpọ̀, o ò tíì lọ."