Imú Ọ̀gá Mi

Bí ẹyin bá bàjẹ́ nílé mi, ọ̀gá mi obìnrin àtijọ́ ni òórùn rẹ̀ máa ń rán mi létí. Ẹ má rò pé mo ń bú wọn. Páìpù omi òkun là ń tọ́jú ní èbúté n'Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, imú ni Ọ̀gá sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ má jẹ́ kí omi sùn nínú ẹ̀," ni wọ́n máa ń sọ. Kòkòrò tójú ò lè rí ń bẹ nínú omi òkun. Bí omi bá dúró sójú kan, á máa bí sí i, á máa jẹ irin, á sì máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́.

Nígbà kan, agbaṣẹ́ṣe kan rọ omi òkun kún páìpù panápaná tuntun láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Kò jò. Inú ẹ̀ dùn, ó lọ ṣọdún, ó fi omi náà síbẹ̀. Nígbà tó dé, Ọ̀gá ní kó ṣí i. Òórùn ẹyin ló kọ́kọ́ jáde.

"Ọ̀gá, sítéńlẹ́sì ni o, kì í dípẹtà!"

"Èmi náà ò rí ìpẹtà." Ọ̀gá fi àkísà nu ẹrẹ̀ dúdú kúrò, wọ́n fi ihò abẹ́ ẹ̀ hàn án, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. "Ṣé èyí la máa fi pa iná?"

Ó pààrọ̀ ẹ̀ láìjanpata.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo pàdé Ọ̀gá létí òkun n'Ìkàté, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, omi ń fọ ẹsẹ̀ wọn.

"Ọ̀gá, ṣebí òkun tó ń bá wa jẹ páìpù nìyí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òun náà ni. Àdúrà la wá gbà lónìí. Tó bá di ọ̀la, a ó tún bẹ̀rẹ̀ ìjà."