Souveraineté Dé Ìsọ̀ Ìyàwó Mi

Ní Niamey, ọ̀rọ̀ máa ń ní àsìkò bíi máńgòrò. Èyí tó so láti bí ọdún mélòó kan ni souveraineté: pé kí ẹnikẹ́ni má ti ìta wá pàṣẹ fún orílẹ̀-èdè yìí mọ́. Tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo fi gbà á. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa pàṣẹ fún òun? Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi wọ gbogbo ẹnu. Onítakisí tí kò fẹ́ gbé wa dé Talladjé, souveraineté ni. Ọmọ mi ọkùnrin, tí a bí síbí, tí Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ebi ń pa mí" lọ, mo ní kó fọ abọ́, ó ní, "Bàbá, souveraineté!" Mo rẹ́rìn-ín. Ó fọ abọ́ náà ṣá.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé ìsọ̀ ìyàwó mi. Ó ti ń ta ata gbígbẹ àti ẹ̀gúsí ní ọjà Petit Marché kí n tó fẹ́ ẹ, lábẹ́ ibòji kan ṣoṣo tó dára ní ìlà wọn. Ọmọbìnrin tó ń ta tòmátì lẹ́yìn rẹ̀ ló pè é lẹ́jọ́ níwájú bàbá àgbàlagbà tó jẹ́ olórí ìlà. Mo sáré kúrò ní ọ́fíìsì láti lọ gbè é lẹ́yìn.

"Souveraineté la wà yìí," ọmọbìnrin náà wí, ó nawọ́ sí ìyàwó mi. "Kí Tantí dìde níwájú, kí ọmọ onílẹ̀ jókòó."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ la ẹnu. Ìyàwó mi fi ojú pa á dé. Ó kọjú sí bàbá náà, ó fi Hausa bú u:

"Ẹrú mi, o jókòó, wọ́n ń lé ọ̀gá rẹ?"

Àlejò ìbá ti sá. Ṣùgbọ́n ọmọ Gobir nílẹ̀ Hausa ni bàbá náà, àwa Yorùbá àti ọmọ Gobir sì ti jẹ́ alábàáṣeré láti ayébáyé: a máa ń pe ara wa lẹ́rú, ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ẹnu ẹrú tí mo fi ọwọ́ ara mi rà! Ó yá, sọ tẹnu rẹ."

Ìyàwó mi wá fi Zarma bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọmọ mi, nígbà tí wọ́n ti ibodè pa, ṣé mo sá lọ sílé?"

"Rárá, Tantí."

"Ṣé mo kó ata pamọ́?"

"Ẹ dì í wẹ́wẹ́ kó lè kárí wa."

"Ta wá ni mo ń pàṣẹ fún?"

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́. Bàbá ní, "Ọ̀rọ̀ ńlá lọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi í jà sí àpótí ìjókòó. Ẹni tó bá ń fẹ́ nǹkan, kó dárúkọ nǹkan náà. Ìwọ, kí lo fẹ́ gan-an?"

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. "Ibòji ni, Bàbá, nítorí oòrùn. Tòmátì mi ń jẹrà."

Ìyàwó mi ò dúró kí wọ́n dá ẹjọ́. Ó wọ́ àpò ẹ̀gúsí sẹ́yìn, ó ti àtẹ ata sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Gbé agbọ̀n rẹ wá. Ṣùgbọ́n bí tòmátì bá bo ata mi lójú, n ó lé ọ!"

Mo bá wọn gbé agbọ̀n kan. Obìnrin kan bi mí léèrè, ta ni mí tí mo fi ń ru tòmátì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì.

"Ọkọ aláta ni mí," mo wí, mo sì sọ ọ́ sókè, kí ìlà kejì náà lè gbọ́.