Abẹ́rẹ́ Màámi àti Ilẹ̀kùn Sẹ́ẹ̀lì

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú mi dùn, ẹ ní kí n wá ṣàlàyé bí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ara wa ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lójì níléèwé kan l'Ágbowó, àmọ́ n kò tíì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yẹn rí kí orí mi má wú. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá jẹ ìrẹsì tán. Ṣúgà á wọnú ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù á mọ̀ ọ́n lára, wọ́n á tú oje kan tó ń jẹ́ ínsúlínì sínú ẹ̀jẹ̀, pé kó lọ jíṣẹ́ káàkiri ara. Ínsúlínì yìí kì í já wọlé onílé o! Ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì ló ti máa ń fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ṣe sílẹ̀ dè é, àwọn tó wà nínú á sì máa ta ara wọn lólobó títí ilẹ̀kùn á fi ṣí fún ṣúgà. Ta ló kọ́ wọn? Àbí ẹ ò rí iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá!

Ìyá mi kò ní ínsúlínì tó tó mọ́. Àtọ̀gbẹ ló gbé wọn láti Ṣakí wá sọ́dọ̀ mi ní Bódìjà. Egbò kan wà ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn tó kọ̀ tí kò jinná, dókítà sì ti sọ ọ́ lójú mi pé bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò bá wálẹ̀, gígé ni wọ́n máa gé àtàǹpàkò náà. Nítorí náà, àràárọ̀ kí n tó lọ síṣẹ́ ni mo ń gún Màámi lábẹ́rẹ́ ínsúlínì.

Ẹ ṣáà mọ iná tiwa. Ó lè lọ láàárọ̀ kó má dé títí di ọjọ́ kejì. Gbogbo ilé ní àdúgbò wa ló mọ̀ pé inú fírísà là ń kó ohun tí a kò bá fẹ́ kó bàjẹ́ sí, torí bí iná bá lọ, yìnyín inú rẹ̀ á ṣì máa mú un tutù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ki ìgò ínsúlínì sáàárín ẹja àti omi dídì. Láàárọ̀, màá yọ ọ́, màá jẹ́ kó yọ́, màá gún Màámi. Mo tún ń yin ara mi pé mo gbọ́n.

Ṣúgà ò wálẹ̀. Ńṣe ló ń gòkè. Èmi tí inú mi sì tètè ń bí, mo ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Mo tú báàgì Màámi, mo gbọn ìrọ̀rí wọn yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, mo kó búrẹ́dì lọ síyàrá mi.

"Màámi, ẹ ń jẹ nǹkan lẹ́yìn mi."

"Wàláì, mi ò jẹ nǹkan kan ju èyí tó o fún mi lọ."

"Ṣé ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ yín ló wá ń parọ́ ni? Ẹ̀rọ ò lè parọ́!"

Wọ́n tẹjú mọ́ ọwọ́ wọn méjèèjì. Mo rò pé wọ́n jẹ̀bi ni wọn ò ṣe lè wò mí lójú.

Nígbà tí ínsúlínì tán, mo lọ ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan nítòsí ọjà. Obìnrin tó ń tà á bi mí bóyá mo ní ibi tó tutù tí mo máa tọ́jú rẹ̀ sí.

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, fírísà mi ń dì gan-an ni."

"Yéè! Fírísà kẹ̀? Ẹ ti bà á jẹ́! Bó bá ti dì pẹ́nrẹ́n, kò wúlò mọ́, kódà bó yọ́ padà tó mọ́ lóló. Inú fíríìjì ni, níbi tí kò ti ní í dì. Bí iná bá lọ, ẹ fi sínú ìkòkò amọ̀, kí ẹ fi aṣọ tútù wé ìkòkò náà."

Kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Yìnyín ti da ìrísí ínsúlínì rú. Ó ń dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò dá a mọ̀ níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì Màámi kò ṣoríkunkun, ìyá mi náà kò sì jí oúnjẹ jẹ. Iṣẹ́ tí mo ń rán ni kò dé. Èmi, olùkọ́ báyọ́lójì! Ojú tì mí débi pé n kò lè sọ ọ́ fún Màámi nígbà tí mo délé.

Mo ra ìkòkò amọ̀, mo ń gún wọn ní ínsúlínì tuntun. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ṣúgà fi wálẹ̀, egbò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Dókítà ní àwọn ò ní í gé nǹkan kan mọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àgbàlagbà yìí, tí mo ti fi ebi pa fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, gbàrà tí iṣẹ́ gidi dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mo nífẹ̀ẹ́ wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó lè kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màámi tí mo jẹ́wọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ fírísà.

"Ó dá ẹ lójú pé kì í ṣe èmi?"

"Ó dá mi lójú, Màámi. Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Nígbà tó o ní ẹ̀rọ ò lè parọ́, mo ní bóyá ojú oorun ni mo ti ń dìde lọ jẹun."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú gèlè kan tó wà lára irin bẹ́ẹ̀dì, wọ́n nà án sí mi.

"Bá mi ká a síbi kan. Mi ò ní í so ọwọ́ mi mọ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́ kí n tó sùn."