Bí Apá Kẹrin Ṣe Parí

Ìbínú Ìyá Funfun kò wọ́n, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá tó ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí aṣọ funfun, wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn: bí àbàwọ́n bá kù sára aṣọ ìbùsùn kan ṣoṣo, á pariwo títí ẹ̀rọ ìfọṣọ márààrún á fi dà bíi pé wọ́n dákẹ́. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ti máa po tíì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú tán. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ya gbogbo wọn nígbà tí ìbínú kan wọlé sí i lára tí kò sì jáde.

Orúnkún ló dá a sílẹ̀. Omi ọṣẹ yọ̀ ọ́ ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, dókítà sì ní kó jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, bá a níbi tó ti ń tún abọ́ tó mọ́ fọ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ra páálí kan wá láti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan àlòkù. Díìsì fíìmù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀.

"Mọ̀mí, ṣé fíìmù ọkọ̀ ojú ọ̀run tẹ́ ẹ máa ń sọ kọ́ nìyí?"

Ìyá Funfun gba páálí náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀. "Òun mà ni! Ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí? N ò fẹ́ sunkún o."

"Ẹkún kẹ̀?"

"Obìnrin tó ń wakọ̀ yẹn á kú ní apá kẹrin."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Funfun nígbà tí bàbá wọn ra ẹ̀rọ fídíò. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n bí nílé náà: bọ̀dá rẹ̀ tó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, òun fúnra rẹ̀, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n á lọ yá kásẹ́ẹ̀tì kan wá. Ọkọ̀ ńlá kan ló wà nínú ìtàn náà, ó kó ẹgbẹ̀ta èèyàn kúrò nínú ayé kan tó ti ń di yìnyín, ó ń wá ilẹ̀ tuntun kiri láàárín ìràwọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ kú ní apá kìíní. Obìnrin kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa wo ìwọ̀n epo lọ, ló wá jókòó sídìí ọkọ̀. Kó tó wà á, á kọ́kọ́ fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu gíláàsì iwájú, bíi pé eruku títì ló bò ó. Ìyá Funfun, ọmọdébìnrin nígbà náà, fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo iná àti ìbọn inú fíìmù náà lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń wo apá kẹrin, òjò ṣú. Fíìmù ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kó parí, ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ ti ń jó, ni bọ̀dá rẹ̀ bá ní, "Òjò ń bọ̀. Lọ ká aṣọ."

Òun náà ni wọ́n máa ń rán ṣáá. Àwọn ọkùnrin kì í ká aṣọ nílé yẹn. Ó sáré jáde, ó sáré wọlé pẹ̀lú ẹrù aṣọ láyà. Wọ́n ti pa tẹlifíṣọ̀n. Bọ̀dá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, bí ọmọ tí tíṣà dúró tì.

"Ó ti parí," bọ̀dá rẹ̀ wí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Obìnrin yẹn kú. Ọkọ̀ gbiná, ó sì jó mọ́ ọn."

"Ẹ jẹ́ n wò ó."

"A fẹ́ lọ dá a padà. Kí lo fẹ́ fi òkú ṣe?"

Ó sunkún títí òtútù fi mú un. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ilé. Tó bá ní òun fẹ́ gun òrùlé lọ tún wáyà tẹlifíṣọ̀n ṣe, wọ́n á ní, "Ṣé o fẹ́ jóná bí obìnrin awakọ̀ ni?" Tó bá ní òun fẹ́ kọ́ kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bàbá wọn mọ̀ ọ́n sọ. Àwọn àǹtí tí kò rí fíìmù náà rí mọ̀ ọ́n sọ.

Nígbà tó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó yọjú síbi ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì yege. Lẹ́tà dé. Bàbá wọn kà á lẹ́ẹ̀mejì nídìí oúnjẹ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́ padà. Ó kù díẹ̀ kó sọ pé ó dáa. Bọ̀dá rẹ̀ gbórí sókè láti inú abọ́ oúnjẹ, ó ní, "Bàbá, ẹ ò rántí obìnrin awakọ̀? Inú ọkọ̀ náà ló jóná sí." Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ki lẹ́tà bọ inú dúrọ́ọ̀, ó ní àwọn á tún un sọ. Wọn ò tún un sọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọṣẹ́ nílé ìfọṣọ.

Apá kan ló ń wò láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀ lé àga. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó mú aṣọ ìnujú kan sọ́wọ́ sílẹ̀ de ẹkún. Ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ gbiná. Ó di ọwọ́ àga mú. Obìnrin náà ti ilẹ̀kùn irin mọ́ iná, ó ń wakọ̀ lọ. Ọkọ̀ wọ inú ìkuukùu, ó gbọ̀n, ó ha ilẹ̀ gbirigbiri, ó dúró. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ iyẹ̀pẹ̀ tútù, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Fíìmù parí.

Aṣọ ìnujú náà gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún un wò. Ó wo ẹ̀yìn páálí bóyá wọ́n ti tún ìparí rẹ̀ ṣe. Ó pe ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ omi gbígbóná níbi iṣẹ́, ẹni tí kò sí fíìmù àtijọ́ tí kò mọ̀, ó bi í bóyá obìnrin náà kú.

"Ó kú báwo?" ọkùnrin náà wí. "Ìyá Funfun, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Obìnrin yẹn gbé wọn gúnlẹ̀! Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Àfi bíi pé wọ́n da omi gbígbóná yẹn sí i lára.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ó fi ọ̀pá gbéra lọ sílé bọ̀dá rẹ̀, tó jẹ́ oníṣẹ́ iná mànàmáná. Ó ti ní kí àbúrò wọn, tó ń ta bàtà, pàdé òun níbẹ̀. Kò sọ ohun tó bá wá. Ó fi díìsì kẹrin sínú ẹ̀rọ, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú àwọn méjèèjì ló ń wò.

"Àwa náà ti dàgbà o," bọ̀dá rẹ̀ wí, ó na ẹsẹ̀ síwájú. "Ẹ wo bí iná ẹ̀ ṣe rí bíi ti bébà."

Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ gbiná, ó ká ẹsẹ̀ kò. Nígbà tí ọkọ̀ wọ ìkuukùu, ó ti tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ gbá àbúrò wọn lórúnkún. "Ṣé ó máa gúnlẹ̀ ṣá?" ló bi í wúyẹ́wúyẹ́.

Ìyá Funfun dá fíìmù dúró.

"Bọ̀dá mi, ẹ ò rí ibí yìí rí."

Àbúrò wọn ló kọ́kọ́ gbójú sílẹ̀. "Ẹ̀rọ ló jẹ kásẹ́ẹ̀tì yẹn, àǹtí mi. Bẹ́ ẹ ṣe jáde báyìí ló jẹ ẹ́, ó lọ́ mọ́ra bí òwú. Bọ̀dá fi abẹ gé e, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá wò ó, ẹ máa rí i pé ó ti já, ẹ sì lè sọ fún Bàbá. Ni Bọ̀dá bá ní obìnrin yẹn ti kú."

"Ìyẹn ni pé ẹ̀yin gan-an lẹ pa á."

"Eré ọmọdé ni," bọ̀dá rẹ̀ wí. "Fíìmù lásán! Ó ti lé lógójì ọdún. Ìwọ náà, ṣebí o ti dàgbà kọjá kó o—"

"Ìwọ!"

Ìyàwó bọ̀dá rẹ̀, tó ń gbé omi bọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì yí padà. Látìgbà tí wọ́n ti dáyé, kò sẹ́ni tó pe ọkùnrin yẹn ní ìwọ nínú àwọn àbúrò rẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bá wí! Lọ́jọ́ tí lẹ́tà mi dé, ṣé kásẹ́ẹ̀tì ló tún já? Ìwọ lo ní kí Bàbá rántí obìnrin tó jóná. O ò mọ bó ṣe parí! Irọ́ tó o fẹnu ara ẹ pa lo gbé síwájú Bàbá, lo fi tẹ̀ mí mọ́lẹ̀!"

Ó yọ díìsì rẹ̀. Àbúrò wọn ní kí òun sìn ín dé ilé. Ó ní kó fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje ni kò fi gbé ìpè bọ̀dá rẹ̀. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń ja aṣọ yọ nínú ẹ̀rọ bíi pé aṣọ náà ló ṣẹ̀ ẹ́. Kò po tíì fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ á máa wò ó látẹ̀yìn ẹ̀rọ kí wọ́n tó kọjá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, bọ̀dá rẹ̀ wá dúró lẹ́nu géètì tí wọ́n ń gbé aṣọ ìdọ̀tí gbà wọlé, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí kásẹ́ẹ̀tì yẹn."

"Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì ti tán. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yín, ẹ bẹ̀rù bẹ́líìtì Bàbá. Èmi náà ì bá bẹ̀rù ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ńkọ́? Bẹ́líìtì ta lẹ bẹ̀rù?"

Ìyá Funfun di géètì mú láti tì í.

"Ẹ lọ rò ó. Tẹ́ ẹ bá rí ìdáhùn, ẹ padà wá. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ jókòó sílé yín."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ó padà wá síbẹ̀. Kò kí i dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ yẹn rí. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo sọ fún wọn nílé pé ọ̀rẹ́ mi ni mò ń lọ kí. N ò yege. O jókòó fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́tà dé. Mi ò lè wò ó kó o máa lọ."

Ìyá Funfun ti rò pé òótọ́ á tu òun lára. Kò tù ú. Ńṣe ni ìbínú náà tún ru sókè.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́," ló wí. "Inú ṣì ń bí mi."

"Títí di ìgbà wo?"

"Èmi kọ́ ni mo mú un wá. N ò mọ ọjọ́ tó máa lọ."

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Wọ́n ń kí ara wọn. Ó ń gbé ìpè rẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ òrùlé ilé bàbá wọn tó ń jò, á sì gbé fóònù sílẹ̀. Kì í bá a ṣàwàdà. Ọmọ rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ nínú yàrá, pé kí ló ṣì ń dùn ún gan-an.

"Bóyá ǹ bá má tiẹ̀ mọ iṣẹ́ ọkọ̀ ọ̀hún ṣe," ló fèsì. "Bóyá òkun ì bá máa kọ́ mi lóyì, kí n padà wálé lọ́sẹ̀ kejì, kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni ǹ bá wá mọ bó ṣe parí."

Wọ́n jọ ká aṣọ tó kù.