Bí Mo Ṣe Fọn Níbi Tí Mo Ti Ń Sá fún Ìyá Onílé

Nígbà tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ sọ fún mi pé kí n máa jẹun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ kí n lè fọn, mo rò pé káàdì ẹlòmíràn ló mú dání. Mo ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì péré tí mò ń jẹun, tí mò ń bu oúnjẹ bí òkè nítorí pé ebi ti ń pa mí bọ̀ láti àárọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kí n máa jẹ díẹ̀díẹ̀, kí n má jẹ́ kí ebi pa mí rárá, kí n sì máa rìn fún wákàtí kan láràárọ̀. Mo dúpẹ́, mo jáde, mo sì bojú wẹ̀yìn wò bóyá ó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, mo máa ń fura. Ìyá mi ló kọ́ mi pé páńsá ò fura, páńsá já. Àjà ò fura, àjà jìn. Ṣùgbọ́n ìyá mi yìí náà kò fura sí ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó ti ń dáná lọ́wọ́, apá òsì rẹ̀ kọ̀, ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ lé e, kò sì pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí a sin ín. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi tán tó tún un wọ̀n, mo mọ ohun tó ń rò. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo sanra ju ìyá mi lọ, iṣẹ́ aránṣọ tí mò ń ṣe sì rèé, ìjókòó ni láti àárọ̀ dalẹ́. Àbígbẹ̀yìn mi ò tíì jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ìṣẹ̀rí-Olófin la ń gbé nígbà náà, àwa ayálégbé mẹ́fà nínú ilé kan. Mo ra àwo rọ́bà kéékèèké márùn-ún tó ní ìdérí, mo sì ń bu oúnjẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí wọn láàárọ̀: ògì tí ò ní ṣúgà, ààbọ̀ mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tí epo rẹ̀ ò ju ṣíbí kan lọ, kùkúńbà, ẹ̀fọ́ àti ẹja. Mo máa ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi. Oníbàárà tó bá wọlé á bá mi lẹ́nu oúnjẹ; tó bá fi máa padà wá gba aṣọ, á tún bá mi lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n ní Télọ̀ ti di alájẹkì. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọn, ohùn wọn yí padà, wọ́n ń bi ọkọ mi ní kọ̀rọ̀ bóyá ara mi le. Lójú tiwọn, ẹni tó ń jẹun tó báyẹn tó tún ń rù, nǹkan ń bẹ lábẹ́ aṣọ rẹ̀.

Mi ò ní purọ́, oúnjẹ yẹn rọrùn, ìrìn ló le. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mo rìn dáadáa. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, tí mo bá kírun àsùbá tán, bẹ́ẹ̀dì ni mo ń padà sí. Tí mo bá rántí apá ìyá mi, mo lè jáde lọ́jọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin yòókù, mo máa ń sọ fún ara mi pé ó dọ̀la.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìyá onílé dara pọ̀ mọ́ mi. Ọmọ onílẹ̀ ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àwọn ẹbí rẹ̀ ló ni àdúgbò yẹn láti ìgbà tó ṣì jẹ́ oko. Mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà kánfáàsì, ó da ìborùn borí.

"Ìyàwó mi, o ti ń lọ? Jẹ́ á jọ lọ."

"Ẹ káàárọ̀ mà. Màmá, ọ̀nà yẹn jìn o."

"Mo mọ̀ pé ó jìn. Ṣebí ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

Inú mi ò dùn rárá. Èmi àti ọkọ mi ní àṣírí kan: a ti ra ilẹ̀ sí Baruwa, ògiri ilé náà sì ti kọjá fèrèsé. Kò sí ayálégbé tó gbọ́n ní Èkó tó máa jẹ́ kí onílé gbọ́ irú ẹ̀, kí onílé má baà ní kó máa kó ẹrù rẹ̀ jáde nígbà tí ilé tirẹ̀ ò tíì ní òrùlé. Gbogbo Sátidé lọkọ mi ń lọ sídìí ilé náà. A ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ìpàdé ẹbí ló ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí a jọ rìn, màmá ní, "Ọkọ ẹ kì í gbélé ní Sátidé mọ́."

"Ìpàdé ẹbí ni mà."

"Ẹbí yín mà ń ṣèpàdé ṣá o."

Lọ́jọ́ kẹta ó bi mí pé, "Ṣé ẹ ṣì máa pẹ́ lọ́dọ̀ wa, àbí ẹ ti ń múra àtilọ?" Mo dá a lóhùn pé a ò lọ síbì kankan, mo sì tẹsẹ̀ mọ́rìn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí okun ìrìn. Tí mo bá sùn sílé, mo mọ̀ pé obìnrin yìí lè bá ọkọ mi nídìí kànga, ọkọ mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. Nítorí náà ojoojúmọ́ ni mò ń jáde kí n lè fà á kúrò nílé. Tí a bá wá dé ojú ọ̀nà, màá yára kó má baà rí àyè bi mí ní ohunkóhun. Ó máa ń bu ẹ̀pà sísè fún mi. Màá dúpẹ́, màá sì dà á nù sẹ́yìn ilé. Nígbà tó ṣe, tí mo bá fi máa yà sí ọ̀nà Ìgàndó, mi ò ní rí i lẹ́yìn mi mọ́.

Kílò mẹ́jọ lọ. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀. Inú nọ́ọ̀sì dùn débi pé ó ní kí n dìde sọ fún àwọn obìnrin tó jókòó bí mo ṣe ṣe é tí kò fi sú mi. Mo dìde, mo ní ìpinnu ni, àti àdúrà. Mi ò lè sọ pé ìyá onílé ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo ti fi í sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn: "Ìyàwó mi." Ẹ̀ẹ̀kan ló pè mí. Mo ní ìbéèrè tòní ti dé nìyẹn. Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, mo sì tún yára sí i.

Ìgbà tí mò ń padà bọ̀ ni mo rí i. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọn ò tíì ṣí, ìgunpá rẹ̀ ti bó, obìnrin oníbúrẹ́dì kan ń fún un lómi mu. Mo kúnlẹ̀ tì í.

"Màmá, kí ló ṣe yín?"

"Òòyì ni. Ó ti ń ṣe mí tipẹ́."

Mo fọwọ́ gbá a mú, a ń rọra lọ sílé. Ó sọ fún mi pé irú ẹ̀ ti gbé òun ṣubú rí lójú títì, táwọn èèyàn ń kọjá lọ. Láti ọjọ́ náà làwọn ọmọ rẹ̀ ti ní kò gbọ́dọ̀ dá jáde mọ́, dókítà sì ní dandan ni kó máa rìn. "Nígbà tí mo rí i pé ò ń jáde láràárọ̀, mo ní Ọlọ́run ti ṣe é. Mo mọ̀ pé mi ò lè bá ẹ rìn dọ́gba, mo kàn fẹ́ máa rí ẹ̀yìn ẹ lọ́ọ̀ọ́kán ni."

Ojú tì mí, síbẹ̀ mi ò lè ṣe kí n má bèèrè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí ẹ fi ń bi mí bóyá a ti fẹ́ kó lọ?"

"Ṣé nítorí ilé yín ní Baruwa ni? Àbúrò ọkọ mi ló ta ilẹ̀ yẹn fún yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa pẹ́ tó kí n tó tún máa wá ẹni tí n óò bá rìn ni."

Nígbà tó fi tún lè jáde, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni mo sì ń bá rìn. Nígbà tí a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó dúró.

"Lọ́jọ́ yẹn, mo pè ẹ́. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mi ò gbọ́ mà."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹni bíi tìẹ ò lè gbọ́ kó má padà."