Ibi Tí Ọ̀bẹ Gbà

Iṣẹ́ tí Táhírù ń ṣe ní ilé ìwádìí kan ní Bantama, ní Kumasi nílẹ̀ Gánà, kò rọrùn láti ṣàlàyé fún àwọn ará Alabar, àdúgbò rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun ń bá dókítà tọ́jú ẹran, á sì yí ọ̀rọ̀ síbòmíràn. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ọmọ Àfáà Jùnáídù ará Ìlọrin, tó kéwú yanjú, ló ń fọ gògóńgò ewúrẹ́ kí wọ́n lè fẹ́ atẹ́gùn sí i?

Dókítà Efua fẹ́ mọ bí ohùn ṣe ń jáde lọ́rùn, kó lè ran àwọn tí ohùn wọn ti lọ lọ́wọ́. Kò ṣáà lè la ọ̀fun èèyàn wò. Táhírù á de gògóńgò ewúrẹ́ mọ́ irin, á ti rọ́bà bọ ọ̀nà èémí, á tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Ewúrẹ́ tó ti kú á sì ké. Téèpù á gba igbe náà, ẹ̀rọ mìíràn á fi ìlà yà á sórí bébà, dókítà á máa wo bí ìlà ṣe ń yí padà bí afẹ́fẹ́ ṣe ń le sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, Táhírù a máa ṣe àdúrà sára. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́.

Kí ni kò rẹ èèyàn lọ́dún 1983? Òjò kọ̀, iná jó oko, àwọn tí Nàìjíríà lé padà tún wá kún ìlú. Ní Kumasi, wọ́n á tò fún kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo ibẹ̀, láti ìdájí, kẹ́ńkè ò sì ní kàn wọ́n. Ẹsẹ̀ Mariama, àbúrò Àìṣátù àti àbíkẹ́yìn Táhírù, ń wú, irun rẹ̀ ń pọ́n, kò sì sunkún mọ́. Àìsunkún yẹn ló ń ba bàbá rẹ̀ lẹ́rù jù.

Odò ẹran ni wọ́n ti ń ra gògóńgò tẹ́lẹ̀. Mùsùlùmí ló ń dúńbú níbẹ̀, ìlànà wọn sì le: abẹ́ gògóńgò ni ọ̀bẹ ń gbà, kí gògóńgò lè bá orí lọ. Bó bá bá ara lọ, òkúǹbete ni ẹran náà, kò ṣeé jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ wọn kì í fi ọ̀nà èémí tó tó sílẹ̀ lára gògóńgò, rọ́bà ò sì ríbi dì mú. Dókítà bá ra odindi ewúrẹ́, ó ní kí Táhírù gé e lábẹ́ àgbọ̀n gan-an, lókè gògóńgò.

Táhírù mú ọ̀bẹ, ó dúró. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe oúnjẹ, ló sọ fún ara rẹ̀. Ó ṣe bísímílà, ó gé e lókè.

Igbe ewúrẹ́ náà mọ́ gaara lórí téèpù. Inú dókítà dùn. "Táhírù, medaase paa, o ṣé gan-an. Gbé ẹran náà relé fún àwọn ọmọ. Mo rí bí Mariama ṣe rù." Àánú ló ṣe obìnrin náà, kò sì mọ ohun tó dì fún un.

Nínú trotro, ọkọ̀ èrò tó ń gbé e relé, gbogbo ojú ló wà lára àpò rẹ̀. Orí àti ọ̀fun ti kù sí ilé ìwádìí. Kò sẹ́ni tó máa rí ibi tí ọ̀bẹ gbà.

Ìyàwó rẹ̀, Sàwúdátù, tú àpò náà. "Àlùhámúdùlílàhì! Ta ló dúńbú rẹ̀?"

"Èmi ni."

Sàwúdátù gbé omi kaná. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Táhírù ò lè gbé e mì. "Sàwúdátù, gògóńgò rẹ̀ bá ara lọ."

Obìnrin náà dúró gbagidi. Táhírù ní ṣebí ẹ̀sìn gbà kí ẹni tí ebi fẹ́ pa kú jẹ ẹ́.

"Ṣé ebi ti fẹ́ pa wá kú ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Bàbá Àìṣátù, ẹ̀yin lẹ kéwú. Bí ẹ̀yin ò bá mọ̀, ta ló máa sọ fún mi?"

Táhírù jókòó sórí àpótí. Ó rẹ̀ ẹ́ dé egungun.

"Wàlàhí, ẹ̀ bá má sọ fún mi," ni Sàwúdátù wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin nìkan ni Ọlọ́run ì bá bi léèrè."

Ó da ẹran náà sínú omi gbígbóná, ó sì bu iyọ̀ sí i.