Àmín Tó Gba Ojú Ilé Lọ́wọ́ Orímisàn

Ìgbà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, òmìnira orílẹ̀-èdè wa kò tíì pẹ́, òkun kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ wa ní Ayétòrò. A jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́, a jùmọ̀ ń jẹun, a sì jùmọ̀ ń lọ sí ilé ìsìn nígbà tí agogo bá dún. Kò sí ẹni tó ń gba owó oṣù. Ẹja tí apẹja bá kó bọ̀, ti gbogbo ìlú ni. Ọkọ̀ tí àwa kàfíńtà bá kàn, ti gbogbo ìlú ni. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà sì ni "tèmi." Ọmọdé tó bá ṣèèṣì sọ ọ́, ìyá rẹ̀ á fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, á ní, "Tiwa ni." Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo máa ń rí létí omi ni mo ń kọ èyí fún, ẹ̀yin tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù, tí ẹ ń bú alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó kan tí kò mọ̀ pé ẹ wà láyé. Ẹ ní ó náwó sórí ẹni tí kò yẹ. Ẹ ní ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ẹ mọ̀ mọ́. Bí mo bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ máa ń rò pé bàbá arúgbó yìí kò mọ bọ́ọ̀lù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Àwa náà ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan, Tiwa sì ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ bàtà wa ló rán bàtà wọn, àwọn obìnrin wa ló hun aṣọ wọn. Pápá wọn, ẹrẹ̀ pátápátá ni tẹ́lẹ̀. Àwa la fi ọkọ̀ kó yanrìn dà sí i, oṣù dé oṣù, títí ó fi gba ẹsẹ̀ ènìyàn. Èmi ni olórí àwọn tó ń hó lẹ́yìn wọn. Àwọn àgbà máa ń pè wá ní aláriwo láti fi bá wa wí, ni a bá kúkú sọ ọ́ di orúkọ ẹgbẹ́ wa. Títí dòní, àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ mi ṣì ń pè mí ní Aláriwo.

Orímisàn ni gólì wa, òun ló ń ṣọ́ ojú ilé. Ọ̀rẹ́ mi ni, yàrá kan náà la jọ ń sùn ní ilé àwọn àpọ́n. Níbi iṣẹ́, àwọ̀n ló ń tún ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì yá débi pé bọ́ọ̀lù kì í sábà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ kò ríran dáadáa láti kékeré, èmi nìkan ló sì mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dúró lẹ́yìn ojú ilé tó ń ṣọ́, tí mo ń pariwo, "Òsì! Òsì rẹ!" Àwọn èrò rò pé ìwà wèrè mi ni. Orímisàn á fò sí apá òsì láìwo ibẹ̀, á sì gbá a mú.

Lọ́dọọdún la máa ń bá ẹgbẹ́ ìlú kan láti òkè ilẹ̀ du ife, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń nà wá. Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ọ̀fun ń dùn mí, ohùn mi kò jáde rárá. Bọ́ọ̀lù kan tí ọmọ ọwọ́ lè dá dúró rọra yí kọjá lápá òsì Orímisàn, ó wọlé. Bí a ṣe pàdánù ife náà nìyẹn. Gbogbo ìlú ní ọ̀lẹ ni, ó ti ń sùn lójú ilé. Kò sọ nípa ojú rẹ̀, èmi náà ò sì sọ, nítorí ó ti bẹ̀ mí pé kí n má sọ.

Nígbà tí ìdíje ife ọdún tó tẹ̀ lé e ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni Alága ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀lù mú ìmọ̀ràn wá. Àgbàlagbà tó ga, tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ ni. Ó ní kí á lọ mú agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta wá láti òkè ilẹ̀, kí á máa san owó oṣù fún wọn, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ gólì. Owó oṣù! Ní Ayétòrò! Nílé oúnjẹ, lórí afárá pákó, nínú ọkọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu wa mọ́.

Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé bàtà ní, "Ẹni tí a bá sanwó fún kó wá jẹ́ àwa, ṣé àwa náà ni?"

Apẹja kan dá a lóhùn pé, "Bàbá, èmi ò mọ ìyẹn o. Bí mo bá ti gúnlẹ̀ ní èbúté Ugbonla, wọ́n á ní, 'Ẹ̀yin aládùúrà, wọ́n tún ti nà yín?' Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí á borí lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó kú."

Ọ̀rọ̀ apẹja náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ àjèjì kì í ṣe ọ̀tá ìlú. Ṣùgbọ́n ní tèmi, bí wọ́n bá fi ẹlòmíì rọ́pò Orímisàn, kò ní nǹkan kan mọ́ láyé yìí. Kò ní ìyàwó, àwọn òbí rẹ̀ ti kú. Ojú ilé yẹn nìkan ni ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pe orúkọ rẹ̀.

Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Èmi àti àwọn aláriwo ti lọ bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ láti yàrá dé yàrá. Mo wo gbọ̀ngàn yíká, mo sì mọ̀ pé àwa la pọ̀ jù. Alága sọ tirẹ̀ tán, mo sọ tèmi. Mo ní bí ife bá wù wá, kí á kọ́ ara wa dáadáa, kí á má ra ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ohun tó kù ni kí á nawọ́ sókè.

Ni Orímisàn bá dìde. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ ni. Ó ní, "Ojú ilé yẹn, tèmi ni."

Obìnrin kan nídìí ògiri ní, "Jésù!" Mo fa ẹ̀wù rẹ̀ pé kó jókòó, kò jókòó. Ó tún un sọ: "Tèmi ni. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

Alága wò ó pẹ́. Kò bínú, ìyẹn ló ṣì ń dà mí láàmú. Ó dà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bà nínú jẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ohun tó wọ àárín wa. Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà."

Gbogbo wa dìde, a dijú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú ìsìn wa sì mọ bí a ṣe máa ń ṣe é. Bí ẹni tó ń gbàdúrà bá ti mí, àwa á ti ṣàmín. Kò sí ẹni tó ń rò ó. Láti inú oyún ló ti mọ́ wa lára.

"Baba, mú ẹ̀mí tèmi-tèmi kúrò láàárín wa."

"Àmín!"

"Sọ wá di ọ̀kan bí O ti fẹ́."

"Àmín!"

"Dójú ti àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"Àmín!"

"Àwọn àlejò mẹ́ta tí à ń mú bọ̀, fi ẹsẹ̀ wọn múlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Tiwa, kí ọmọ Rẹ tó ń ṣọ́ ojú ilé sì fi ayọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀."

"Àmín!"

Àwa la sọ ọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ló sọ ọ́, àmín tèmi ló sì ga jù níbẹ̀, nítorí ohùn mi ló ga jù ní gbogbo ìgbà. Ó ti jáde tán kí etí mi tó gbọ́ ohun tí mo ṣàmín sí. Nígbà tí mo lajú, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ti ń kọ̀wé. Ó kà á sókè pé, "Gbogbo ilé fohùn ṣọ̀kan." Àwọn ènìyàn ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́, agogo sì ti dún. Orímisàn ò kúrò lójú kan. Òun nìkan ni kò ṣàmín nínú gbogbo wa.

Mo sáré tẹ̀ lé Alága dé orí afárá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí pákó, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò tíì dìbò. Àdúrà lẹ gbà."

Ó fi ọwọ́ gbé mi dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ gba àmín rẹ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run ni?"

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi pè é ní alárékérekè. Nísinsìnyí tí ọjọ́ orí mi ti ju tirẹ̀ ìgbà náà lọ, n kò mọ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ pé ó gbàdúrà tọkàntọkàn, kó sì jẹ́ pé akọ̀wé nìkan ló sọ ọ́ di ìdìbò. Bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn mi nínú gbọ̀ngàn yẹn, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kí n lè dá a lẹ́bi pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Nígbà tí mo dé yàrá, Orímisàn ń di ẹrù rẹ̀. Aṣọ méjì àti abẹ́rẹ́ àwọ̀n kan ni. Ó ní ọjọ́ tí àlejò bá kọ́kọ́ dúró lójú ilé yẹn ni òun máa lọ.

Mo ní, "Mi ò mọ̀ pé mo sọ ọ́. Ẹnu mi ló sáré."

Ó ní, "Mo dijú, àmọ́ mo gbọ́ ohùn rẹ. Ohùn rẹ ni mo máa ń tẹ̀ lé."

Ọjọ́ tí àwọn àjèjì kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún wa, ọjọ́ ìdíje ife náà gan-an, èmi àti àwọn aláriwo tò lọ síbi tí a máa ń dúró, a sì pa ẹnu dé. Ìdákẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láàárín wa, ó ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ó ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé, títí gbogbo etí pápá fi dákẹ́. Ẹgbẹ́ Tiwa gbá góòlù kan wọlé, kò sẹ́ni tó hó. Wọ́n gbá ìkejì, a dákẹ́. À ń gbọ́ ìró bàtà lórí yanrìn. À ń gbọ́ òkun. Gólì tuntun náà, ọmọ jẹ́jẹ́ kan, yíjú sí mi lẹ́yìn ojú ilé, omi ti lé sí i lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe yín?" N kò dá a lóhùn. Ìyẹn náà wà nínú ohun tí n kò lè gbàgbé. A gba ife lọ́jọ́ náà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Orímisàn ti wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ìlú Zion Pepe.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ba àwọn àgbà lẹ́rù ju ariwo wa lọ. Wọ́n tún ìpàdé pè, Alága fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ pé láti ọjọ́ náà lọ, a ó kọ́kọ́ nawọ́, a ó kà á, kí á tó gbàdúrà. Ohun tí a jèrè nìyẹn, kò sì kéré. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó wúwo ju bọ́ọ̀lù lọ ni wọ́n fi ọwọ́ nínà yanjú lẹ́yìn náà. Àwọn àjèjì mẹ́ta lo sáà kan, wọ́n lọ. A ránṣẹ́ sí Orímisàn pé kó máa bọ̀, kò dáhùn. Nígbà tó yá, ìjùmọ̀ṣe wa tú, oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "tèmi" láìsí ẹni tó ń bò ó lẹ́nu. Òkun wá kó pápá náà lọ. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló ń kọjá níbi tí ojú ilé wà.

Ohun tó kù nílẹ̀ ni gbèsè tèmi. Ojú tì mí láti lọ bá Orímisàn, mo sì ń sún un síwájú títí orí mi fi funfun. Ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀ ni mo wọ ọkọ̀ lọ bá a ní Zion Pepe, lọ́sàn-án gangan. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ojú àwọ̀n tó ya. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Mo kí i, ó sì gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ohùn yẹn," ó ní. "Aláriwo. Ghá jókòó."

Mo wá, mo jókòó tì í. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sunkún, mo ní kó dárí jì mí. Ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe títí mo fi sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́, ó wá orí mi kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ó ní kí Ọlọ́run fi ọkàn Aláriwo balẹ̀. Ó ní kó gba ẹrù náà kúrò lọ́rùn mi. Ó wá dákẹ́, ó ń dúró.

Mo ya ẹnu. Kò sí ohun tó jáde.

Ó ní, "Aláriwo, o ò ṣàmín?"

Mo ní, "Mi ò lè sọ ọ́ mọ́, Orímisàn. Mo ní láti kọ́kọ́ rò ó."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún abẹ́rẹ́ rẹ̀ mú. "Irú ẹnu yẹn," ó ní, "ni mo ń wá lọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ ìpàdé yẹn."